Fi Díẹ̀ Dán An Wò: Bí Oníbàárà Ṣe Ń Tún Òwò Ṣe

Ọ̀rọ̀ òwò tuntun ni mo gbé wá lónìí. N kò ní sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń yá owó, n kò sì ní sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń di olówó lóru mọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá òwò sílẹ̀, kó má ṣe tìtorí èrò ọkàn rẹ̀ nìkan kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò. Kó wo ohun tí àwọn tó ń rà á ń fi ọjà náà ṣe. Kó sì gbà kí ohun tó rí yí òun lérò padà.

Ẹ lè ní ta ni kò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín. Ẹnì kan gba ṣọ́ọ̀bù, ó san owó ọdún méjì, ó kùn ún, ó fi táìlì sílẹ̀, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó gbé pátákó ńlá kọ́ sójú títì. Ó pe àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Kí ọdún tó yí po, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé ayé ló ṣe é. Àdúrà dára, n kò lòdì sí i. Àmọ́ nínú gbogbo owó tí wọ́n ná yẹn, kò sí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n ná láti fi mọ̀ bóyá àwọn tó ń gba ojúlé yẹn kọjá nílò ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bí wọ́n ti kun ògiri tán, owó tó yẹ kí wọ́n fi tún èrò wọn ṣe ti tán pẹ̀lú.

Ìtàn tó là mí lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ẹni tó bá ti dé Nairobi á mọ M-Pesa, ètò tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀fọ́ á fi san owó, ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ á fi san owó, òbí tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ á fi san án. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni àwọn ọlọ́gbọ́n kan jókòó sínú yàrá, tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde bó ṣe wà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe.

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóònù Vodafone kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Nick Hughes, ni èrò náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó bá lè wá ọ̀nà tí ètò owó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní àkáǹtì ní báǹkì. Vodafone gbà nínú owó yẹn, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Èrò wọn ni pé kí àwọn tó yá owó kékeré láti fi ṣòwò lè máa fi fóònù san gbèsè wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2005, obìnrin kan tó ń bá Vodafone ṣiṣẹ́, Susie Lonie, lọ sí Nairobi láti bá Safaricom, ilé iṣẹ́ fóònù ti ibẹ̀, mú èrò náà wá sí ojú ayé. Wọ́n wá ilé ayánilówó kan mọ́ra, Faulu lorúkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà Faulu máa ń yá owó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, wọ́n á máa pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á sì máa dúró fún ẹnì kejì, bí àwọn ìyá wa náà ṣe ń ṣe nínú ọjà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ẹ gbọ́ bó ṣe kéré tó. Àwọn oníbàárà tó wà nínú rẹ̀ kò pé 500. Ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti lè san owó sínú fóònù tàbí kó gba owó jáde kò ju mẹ́jọ lọ, ní àárín ìlú Nairobi, ní Mathare àti ní Thika. Safaricom tí mo ń sọ yìí ti ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù oníbàárà nígbà náà. Bó bá wù wọ́n, wọ́n lágbára láti gbé e jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n polówó rẹ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ní owó tó bẹ́ẹ̀ bá lè fara balẹ̀ wo ìwà àwọn èèyàn tí kò pé 500, kí ló dé tí àwa tí a ń fi owó àjọ bẹ̀rẹ̀ kò ní lè fara balẹ̀?

Àwọn tó wà nínú ìdánwò náà fi fóònù san gbèsè wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ẹnì kan á bá ẹlòmíràn san gbèsè ti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni yẹn á sì fi iṣẹ́ ọwọ́ tàbí nǹkan mìíràn san án fún un. Àwọn oníṣòwò ń kó owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ sínú fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé báǹkì ti máa ń tì nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ṣì wà ní ṣíṣí. Àwọn tó fẹ́ rìnrìn-àjò láti ibì kan sí ibòmíràn á san owó wọn sínú rẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n á sì gbà á jáde ní ibi tí wọ́n ń lọ, kí olè má baà rí nǹkan gbà lápò wọn. Àwọn mìíràn ń ra káàdì ìpè látinú rẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn lábúlé tí kò sí nínú ètò náà rárá, àwọn yẹn á sì fi káàdì ọ̀hún ṣe owó ná. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìṣòro, wọ́n rí ohun tó lè tán an, wọ́n sì lò ó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ètò náà sílẹ̀ gan-an kò lọ déédéé. Ìwé owó Faulu àti ti orí fóònù kò bára mu, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa jókòó tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tún le jù ni pé nígbà tí àwọn oníbàárà rí i pé àwọn lè fi fóònù san owó, àwọn kan kò wá sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ mọ́. Ìpàdé yẹn sì ni gbogbo ààbò tí ayánilówó náà ní. Bí ẹgbẹ́ bá tú, ta ni á dúró fún ta ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣubú nìyí. Onígbèéraga á ní àwọn oníbàárà ṣi ètò òun lò. Á kọ ìlànà mìíràn, á ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, gbèsè nìkan ni kí wọ́n máa san. Hughes àti Lonie àti àwọn ará Safaricom kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ gbèsè sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n mú ohun tí àwọn oníbàárà fi ọwọ́ ara wọn yàn. Nígbà tí wọ́n gbé M-Pesa jáde fún gbogbo Kẹ́ńyà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2007, kò sí ọ̀rọ̀ gbèsè nínú ìpolówó wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún aráàlú ni pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sílé. Ó yé gbogbo èèyàn lẹ́sẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi tí ìyàwó àti ọmọ wọn wà lábúlé. Kó tó dìgbà yẹn, ọwọ́ awakọ̀ tàbí ọwọ́ ojúlùmọ̀ tó ń lọ sílé ni wọ́n ń fi owó rán. Àwa náà mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi á rántí ìgbà tí wọ́n ń fi owó sínú àpòòwé, tí wọ́n ń gbé e fún dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì pẹ̀lú àdúrà pé kó dé. Kí ọdún 2007 tó parí, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún M-Pesa ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ìtàn yìí, torí pé àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sábà sọ ọ́. Lọ́dún 2010 wọ́n gbé M-Pesa yìí kan náà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ kan náà, ẹbí ilé iṣẹ́ kan náà. Wọ́n ní láàárín ọdún mẹ́ta àwọn á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá oníbàárà. Nígbà tí wọ́n ti í pa lọ́dún 2016, àwọn tó ṣì ń lò ó déédéé jẹ́ nǹkan bí 76,000. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tó ní àkáǹtì ní báǹkì pọ̀ ju ti Kẹ́ńyà lọ fíìfíì, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn sì ti wà nílẹ̀. Ìdáhùn tí àwọn ará Mathare àti Thika fún wọn kò lè dúró fún ìdáhùn àwọn ará Soweto. Àwọn tó bá rí òwò kan tó ń tà ní Dubai tàbí ní Èkó, tí wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sí Òkè-Ògùn bó ṣe wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí 76,000 yẹn. Ẹ̀rí tí èèyàn rí níbì kan, ẹ̀rí ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá dé ibòmíràn, ẹ tún un dán wò.

Ẹ jẹ́ kí n bọ̀ sílé. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tó ta mọ́tò mẹ́ta tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ó ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ní ó rí i pé mọ́tò kò lè wọ ọ̀nà tóóró àti àárín ìsọ̀ tí àwọn tó ń dájọ wà, pé kẹ̀kẹ́ ló lè gbé òun débẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ló rà, kò ra ohun tó máa mú kí àwọn èèyàn kí i ní ọ̀gá. Bí a bá tún sọ pé orí ẹnì kan pé bíi tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyìn tòótọ́.

Nínú iṣẹ́ àjọ yìí náà ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ti rí ọ̀nà. Odunayo Eweniyi, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze jọ jáde ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà. Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló onígi rẹ̀ sórí Twitter. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń ju ẹgbẹ̀rún náírà kan sínú rẹ̀ látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, owó náà sì ti di ₦365,000. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ pé àwọn náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yìí wò ó pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní fóònù, wọ́n ní káàdì ATM, ohun tí wọn kò ní ni ẹni tó máa di ọwọ́ wọn mú kí wọ́n má baà fọ́ kóló. Nígbà tí ọdún 2016 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé ètò kékeré kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní Piggybank.ng. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń yọ owó díẹ̀díẹ̀ nínú àkáǹtì ẹni tó bá fẹ́, ó ń tọ́jú rẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin péré lọ́dún ni èèyàn lè gba owó rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá fẹ́ gbà á lọ́jọ́ mìíràn, á fi ìtanràn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ìtanràn yìí. Bí ẹ bá bi èèyàn pé, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa gba ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ torí owó ara rẹ̀, á ní kò sóhun tó jọ ọ́. Síbẹ̀ àwọn èèyàn wọ inú ètò náà nítorí pé owó wọn ṣòro gbà jáde. Ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú kóló látijọ́ nìyẹn: wọ́n kàn án pa kó lè ṣòro ṣí ni. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí oníbàárà fi ẹnu sọ nìkan kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Ó gbọ́dọ̀ wo ohun tó ti ń fi ọwọ́ ṣe tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 2019 ni wọ́n yí orúkọ náà sí PiggyVest, tí wọ́n fi ọ̀nà ìdókòwò kún un, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fọkàn tán wọn nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn.

Ní ilẹ̀ wa, ìdánwò òwò ní ìṣòro kan tí àwọn ìwé òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. A ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀gbọ́n yín, tí ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dùn?", kí lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ? Wọ́n á ní ó dùn, Olúwa á bù kún ọwọ́ yín. Wọn kò gbèrò láti tàn yín jẹ, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún yín. Ìyá yín á ra nǹkan lọ́wọ́ yín nítorí pé ọmọ òun ló ń tà á. Àwọn ará ìjọ tàbí àwọn ará àsàlátù á rà á lọ́jọ́ tí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Owó ìfẹ́ lowó yẹn, owó ọjà kọ́. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ka owó ìfẹ́ sí èrè, tó sì tìtorí rẹ̀ lọ yáwó.

Nítorí náà, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó dára. Ẹ bi í pé: "Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn? Ibo lẹ gbé e sí nínú ilé? Ta ló bá yín lò ó? Kí lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, èló lẹ sì ń rà á?" Ìbéèrè tó ń wá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí àyè sílẹ̀ fún ìyìn. Ẹni tó ní ọṣẹ yín dára gan-an, àmọ́ tí ọṣẹ náà ṣì wà nínú ọ̀rá láti oṣù tó kọjá, ó ti dá yín lóhùn.

Ẹ tún wá ẹni tí kò padà wá. Oníbàárà tó ń jà, tó ń ráhùn pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé nǹkan wá, ọ̀rẹ́ yín ni, ó ṣì fẹ́ kí òwò yín dára. Ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní rà á mọ́ kì í dágbére. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ má bá a fà á. Ẹ bi í ohun tó ń lò báyìí àti ìdí tó fi yàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má dá ara yín láre lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé dẹ́rẹ́bà ló fà á, á sọ fún yín pé kò burú, ìsọfúnni tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì wọlé padà.

Ká ní obìnrin kan ní Ìbàdàn fẹ́ máa ta ọbẹ̀ ata fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ráyè lọ sọ́jà. Èrò àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé òun nílò fírísà ńlá, ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, àti ike tí wọ́n tẹ orúkọ òun sí lára. Kó má tíì ra ọ̀kankan. Kó wá ogún ilé tí kì í ṣe ilé mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó sọ iye tó ń ta ike kan, kó gba owó kó tó lọ sọ́jà ata. Ẹnu lásán kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tó bá yọ owó lápò ló ti sọ òótọ́. Kó se ìkòkò kan lópin ọ̀sẹ̀, kó gbé e lọ fúnra rẹ̀, kó má rán ẹnikẹ́ni, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ilé ìdáná àwọn tó ń rà á.

Ibẹ̀ ló ti máa rí ohun tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún un nínú yàrá. Ó lè rí i pé àwọn kan ń tún iyọ̀ àti irú sí ọbẹ̀ náà kí wọ́n tó jẹ ẹ́, torí pé oníkálukú ló mọ bí ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ṣe ń rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n nílò lọ́wọ́ rẹ̀, ata tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti sè kí omi rẹ̀ gbẹ ni, kí wọ́n lè din ín fúnra wọn. Ó lè rí i pé ike tó tà tóbi jù fún ẹni tó ń dá gbé, ó sì kéré jù fún ilé ọlọ́mọ. Ó lè rí i pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ẹ, kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Ẹ wò ó bí yóò ti rí bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan ike ló ti tẹ orúkọ sí lára kó tó mọ̀.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eric Ries, tó kọ ìwé The Lean Startup lọ́dún 2011, sọ irú rẹ̀ nípa ilé iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn èèyàn á máa so mọ́ ètò tí wọ́n ti fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ wá láti lò ó, àwọn yẹn kọ̀ láti fi han ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀rẹ́ tuntun ni wọ́n fẹ́ fi ètò náà wá. Ries àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn nù. Ries wá bi ara rẹ̀ pé, ṣé kò yẹ kí àwọn ti kọ́kọ́ fi ojú ewé kan polówó nǹkan náà, kí àwọn wò bóyá ẹnikẹ́ni máa tẹ̀ ẹ́? Ìbéèrè obìnrin ọlọ́bẹ̀ ata náà nìyẹn, àyàfi pé ọjọ́ méjì péré ni ìdáhùn tirẹ̀ máa gbà.

Ó ku nǹkan méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Àkọ́kọ́, kí ẹ tó dáná, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ìwé, ohun tí ẹ máa kà sí àṣeyọrí. Ká ní ẹ kọ ọ́ pé bí mẹ́jọ nínú ogún bá padà rà á láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ máa tẹ̀síwájú. Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ọkàn á máa sún ààlà. Mẹ́ta á padà wá, ẹ ó ní mẹ́ta náà tó, òjò ló dá àwọn yòókù dúró. Èkejì, ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí iye owó, ike àti ọjọ́ padà nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, tí ọjà sì tà, ẹ kò ní mọ èwo ló jẹ́ kó tà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé, ṣé gbogbo ohun tí oníbàárà bá sọ lèèyàn máa tẹ̀ lé ni? Rárá o. Ẹni tí kò ní rà á pàápàá á ní kí ẹ dín owó rẹ̀ kù. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ fi ẹja kún un, kí ẹ fi ẹran kún un, kí ẹ máa ta móínmóín pẹ̀lú. Bí ẹ bá tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, ẹ ó di ọlọ́jà ohun gbogbo tí kò mọ èyí tí òun ń jèrè lórí rẹ̀. Ìṣòro tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn ni kí ẹ wá, ọ̀nà láti yanjú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ará Kẹ́ńyà kò béèrè pé kí wọ́n ṣe M-Pesa fún àwọn.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí kò yẹ ká fi ara ẹlòmíràn dán wò. Ìlera wà lára rẹ̀. Ìkòkò kékeré kò sọ pé kí ilé ìdáná dọ̀tí. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ta oúnjẹ tàbí ohun mímu tó ti wà nínú ike tàbí ọ̀rá fún aráàlú, kó lọ béèrè ní ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ohun tí òfin ń fẹ́, kó sì ṣe é. Owó olówó náà wà lára rẹ̀. Nígbà tí M-Pesa ń bẹ̀rẹ̀ pàápàá, inú báǹkì ni owó àwọn oníbàárà wà lọ́tọ̀, ilé iṣẹ́ fóònù kò gbọdọ̀ ná an. Ẹni tó ń gba àjọ, tó sì ń fi owó àjọ dán òwò mìíràn wò láìjẹ́ pé àwọn olówó mọ̀, olè ló ń jà, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ dáadáa pè é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi èyí tó kù bẹ̀. Bí ọmọ bá kọ́ iṣẹ́ tán, a máa ń ṣe ìgbòmìnira fún un. A ń rán aṣọ ẹgbẹ́, a ń gba onílù, a ń se ìrẹsì, lọ́jọ́ kejì a ó ní kó lọ wá ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ayẹyẹ yẹn sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kó gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan fún oṣù díẹ̀, kó rán aṣọ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló padà wá, ta ni kò padà wá, irú aṣọ wo ni àwọn ará àdúgbò yẹn ń mú wá jù, ọjọ́ wo ni wọ́n ń fẹ́ gbà á. Bó bá jẹ́ aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ń mú wá, tí kì í ṣe aṣọ òde tó kọ́, ẹ má bínú sí i bó bá yí padà. Ẹ ka ìwé yẹn pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó san owó ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni.